Kàlẹ́ńdà tí Mo Tò fún Alága

Ní àdúgbò wa, níbi tí Ṣómólú ti ń di Bàrígà láìsí ẹni tó lè fi ìka tọ́ ààlà wọn, ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé la fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀, òmíràn á dá a lóhùn láti òdìkejì títì, títí ògiri gbogbo á fi máa mì díẹ̀díẹ̀ bí àyà ẹni tó ń sùn. Láti kékeré ni mo ti gbà pé àdúgbò wa ń mí. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, torí ojú máa ń tì mí láti sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mò ń kọ ọ́ síbí nítorí pé bí mi ò bá kọ ọ́, ẹ̀rù tó bà mí lọ́dún náà lè dà bí àṣejù lójú ẹni tó ń kà á. Ohun tó bá ń mí, ó lè dákẹ́.

Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni bàbá mi ní. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá kọ́ṣẹ́ ní Ṣómólú nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́, wọn ò sì padà mọ́. Ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì, káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, rìsíìtì àwọn oníṣòwò, gbogbo rẹ̀ ló ń gba abẹ́ ẹ̀rọ náà kọjá. Ṣọ́ọ̀bù wa rẹlẹ̀ ju títì lọ ní àtẹ̀gùn méjì. Gọ́tà tó wà níwájú rẹ̀ ti kún fún yanrìn tipẹ́, koríko sì ti hù lórí rẹ̀. Tí òjò ńlá bá rọ̀, omi á wọlé. Kì í wọlé bí olè. Ó máa ń wọlé bí àlejò tó mọ ilé, tí kò ní béèrè ibi tí yóò jókòó sí. Ọ̀dọ̀ bébà ló kọ́kọ́ máa ń lọ. Bébà tó bá ti mu omi á wú bí búrẹ́dì tí a rì sínú tíì, kò sì sí ohun tí èèyàn tún lè fi ṣe.

Lọ́dún tí mo parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, omi ba gbogbo ìwé orin tí ṣọ́ọ̀ṣì kan gbé wá fún títẹ̀. Bàbá mi dojú korobá kan délẹ̀, wọ́n jókòó lé e lórí láàárín omi náà, wọ́n ká ṣòkòtò wọn sókè dé orúnkún.

Wọ́n ní, "Tó bá tún wọlé lọ́dún tó ń bọ̀, màá ta ẹ̀rọ yìí, màá máa lọ sílé."

Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n lè rò pé ìbínú ló ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá mi máa ń dákẹ́ ni tí inú bá ń bí wọn. Ohùn tí wọ́n fi sọ ọ́ ni ohùn tí wọ́n fi ń sọ fún oníbàárà pé iṣẹ́ rẹ̀ yóò jáde lọ́jọ́ Ẹtì, bẹ́ẹ̀ wọn kì í sì í yẹ ọjọ́ Ẹtì. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, nǹkan méjì ń ṣe mí lẹ́ẹ̀kan náà. Àánú wọn ń ṣe mí. Ẹ̀rù ti ara mi náà sì ń bà mí, ìyẹn ló wá mú ojú tì mí, torí mo rò pé ọmọ gidi ò yẹ kó máa ro ti ara rẹ̀ nírú àsìkò bẹ́ẹ̀. Mi ò níṣẹ́. Ìdí kọ̀ǹpútà kan tó wà ní igun ṣọ́ọ̀bù náà ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ àti fọ́tò fún àwọn oníbàárà. Tí ẹ̀rọ bá lọ, èmi náà á di ẹni tí kò ní ibi tó ń jí lọ.

Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dún náà, alága káńsù wa wá wo àdúgbò. Wọ́n wọ bàtà rọ́bà, àwọn èèyàn ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn bí ìgbà tí a bá ń sin ọkọ ìyàwó. Wọ́n dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù wa, wọ́n wo omi tó dárogún síbẹ̀, wọ́n wò ó pẹ́ títí mo fi ń rò pé bóyá ojú ara wọn ni wọ́n ń wò nínú rẹ̀. Bàbá mi fẹ́ dọ̀bálẹ̀.

Alága dì wọ́n lápá mú. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa dọ̀bálẹ̀ fún mi, bàbá. Gọ́tà yìí, ẹ kà á sí pé mo ti ṣe é."

Gbogbo títì pàtẹ́wọ́. Ìyá onílé wa nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Àlhájà là ń pè wọ́n. Àwọn ló ni ilé tí ṣọ́ọ̀bù wa wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ìdílé wọn sì ti ni ilẹ̀ níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó la títì.

Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ́ ilẹ̀ ná."

Bàbá mi ní, "Àlhájà, oore la fi ń pe oore."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni bàbá mi tẹ̀ lé. Wọ́n ní bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà, àti pé bí àgbàlagbà bá dúpẹ́ oore ọ̀la, ojú á ti olóore láti má ṣe é. Bí ẹlòmíràn bá fẹ́ dúpẹ́, á gbé ewúrẹ́ lọ. Àwa ará ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kàlẹ́ńdà la máa ń tẹ̀. Wọ́n ní kí n to kàlẹ́ńdà ọdún tuntun kan, ńlá, aláwọ̀ mèremère, kí gbogbo àdúgbò fi dúpẹ́ gọ́tà lọ́wọ́ alága.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé nǹkan kan nípa kàlẹ́ńdà níbí. Lójú àwọn èèyàn wa, ọjọ́ kọ́ ló ṣe pàtàkì jù lára rẹ̀. Fọ́tò ni. Ẹgbẹ́ tó bá gbé kàlẹ́ńdà wá, wọ́n lè má yẹ iye ọjọ́ inú oṣù wò, ṣùgbọ́n wọ́n á fi rúlà wọn fọ́tò. Ta ló wà láàárín? Ta ló wà lókè ta ni? Ta ni wọ́n gé etí rẹ̀? Mo mọ gbogbo èyí, bàbá mi ló kọ́ mi. Òṣèlú sì ni mo kà ní yunifásítì. Mo ti kọ ojú ewé mẹ́rin nínú ìdánwò lórí bí agbára ṣe pín sí méjì nínú káńsù: pé alága ló ń ṣe iṣẹ́, àwọn káńsẹ́lọ̀ ló ń ṣòfin, tó sì ń yẹ ètò ìṣúná wò kí ó tó di ohun tí a lè ná. Olùkọ́ yìn mí. Síbẹ̀, ní ìdí kọ̀ǹpútà, mo gbé alága sáàárín, mo fẹ̀ wọ́n títí agbádá wọn fi bo apá ibi tí mo fi sílẹ̀ fún oṣù Kẹta. Mo to igbákejì wọn, akọ̀wé wọn àti àwọn tí wọ́n yàn sípò yí wọn ká. Àwọn káńsẹ́lọ̀, mo tò wọ́n sísàlẹ̀ pátápátá, kékeré bí sítáǹpù. Mi ò rí fọ́tò káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa, nítorí náà mo gé tiwọn jáde láti inú fọ́tò ẹlẹ́ni púpọ̀, ọwọ́ ẹni ẹlẹ́ni sì wà léjìká wọn síbẹ̀.

Mi ò ní ẹ̀tanú kankan sí wọn. Ohun tó jẹ́ òótọ́ ni pé mi ò rántí wọn. Alága ló wá dúró nínú omi wa.

A gbé kàlẹ́ńdà náà lọ. Alága rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí wọ́n gbé e kọ́ sí ọ́fíìsì wọn lójú ẹsẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta, mo ń gbé inú ayọ̀ kan tó rí bí ìkùukùu. Ọyẹ́ ti ń dé, oòrùn funfun lójú ọ̀run, mo sì máa ń dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń rí gọ́tà tuntun tí kò tíì sí níbẹ̀, mo máa ń gbọ́ omi tó ń gba inú rẹ̀ lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Àlhájà ló kó ìkùukùu náà dànù. Wọ́n lọ gba ìwé kan ní káńsù, wọ́n sì wọ ṣọ́ọ̀bù wa láìbọ́ bàtà. Wọ́n ní, "Bàbá oníwèé, àwọn káńsẹ́lọ̀ ti jókòó lórí ètò ìṣúná. Wọ́n ti yọ gọ́tà yín sẹ́gbẹ̀ẹ́."

Bàbá mi pa ẹ̀rọ. Ìdákẹ́jẹ́ náà pọ̀ lójijì. "Wọ́n yọ ọ́ báwo? Alága ti sọ̀rọ̀."

"Alága sọ̀rọ̀, káńsẹ́lọ̀ náà ní ẹnu."

"Ṣé alága kọ́ ló ni káńsù ni?"

Àlhájà rẹ́rìn-ín, wọ́n jókòó sórí páálí bébà kan. "Gbọ́, ìwọ ará Ògbómọ̀ṣọ́ yìí. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, olórí ẹbí wa dá ilẹ̀ kan tà lẹ́yìn wa. Olórí ẹbí ni o! Òun là ń kúnlẹ̀ kí kí a tó jẹun. Ẹni tó ra ilẹ̀ kó búlọ́ọ̀kù dé, àwọn ìyá wa tẹ́ ẹní sórí ilẹ̀ náà, wọ́n sùn sílẹ̀ gbalaja. Ó di ilé ẹjọ́. Adájọ́ ní títà yẹn ò dúró, nítorí àwọn àgbà ẹbí ò fọwọ́ sí i."

"Ẹ̀yin àgbà ẹbí wá lè tà á láìsí òun?"

"Ó tì o! Àwa náà ò lè tà á lẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Tí a bá ń bínú síra, ilẹ̀ á kàn wà níbẹ̀, koríko á máa hù."

Bàbá mi wojú mi. Ohun tí mo rí lójú wọn nìkan ni ìbéèrè pé ṣé wọn ò kọ́ mi nírú èyí ní ibi tí mo ti fi ọdún mẹ́rin kàwé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé èmi ni mo fi ìbéèrè náà sójú wọn. Mo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn èèyàn.

Láti ọjọ́ náà ni oorun mi ti dàrú. Mo máa ń lá àlá pé àwọn fọ́tò kékeré ìsàlẹ̀ kàlẹ́ńdà náà ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á mú àga wọn dání, wọ́n á jáde kúrò nínú bébà, bébà á sì ṣófo, omi á gba ibi tí wọ́n jókòó sí wọlé. Nígbà tí mo lá a lẹ́ẹ̀kẹta, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tí mo wọ lọ síbi ìdánwò ìgbẹ̀yìn, mo lọ bẹ káńsẹ́lọ̀ wa nílé wọn ní ẹ̀yìn títì Pedro.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lórí atẹ níwájú ilé. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ọmọ oníwèé ni mí. Èmi ni mo to kàlẹ́ńdà. Mo wá tọrọ àforíjì ni mà."

Wọ́n gbé gíláàsì ojú wọn sókè. "Áà! Ìwọ ni. Dìde. Jọ̀ọ́, ọwọ́ ta ló wà léjìká mi nínú fọ́tò yẹn? Mo ti wò ó títí. Ọwọ́ tí kò lára!"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo ṣàlàyé fọ́tò tí mi ò rí, mo ṣàlàyé omi, mo ṣàlàyé bàbá mi, mo ṣàlàyé bí ó ṣe rí lára mi pé mi ò rántí wọn, pé kì í ṣe ìwọ̀sí, pé ó tiẹ̀ burú ju ìwọ̀sí lọ. Wọ́n jẹ́ kí n sọ títí ó fi tán.

Wọ́n ní, "Ṣé o rò pé torí fọ́tò la ṣe yọ gọ́tà yín? A ò kéré tó bẹ́ẹ̀. Gbọ́. Alága gbé ètò ìṣúná wá síwájú wa. Wọ́n kọ 'gọ́tà' síbẹ̀, wọn ò sọ gọ́tà títì wo, wọn ò sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó máa parí sí. A ní kí wọ́n lọ kọ ọ́ dáadáa. Inú bí wọn. Wọ́n ní kí wọ́n lọ gbé kàlẹ́ńdà yín wá, wọ́n nà án sókè níwájú gbogbo ilé. Wọ́n ní, 'Àwọn ará ibẹ̀ ti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, kí lẹ tún ń yẹ̀ wò?' Ni Lídà, olórí àwa káńsẹ́lọ̀, bá ní, ó dáa, kí kàlẹ́ńdà lọ gbẹ́ gọ́tà."

Mo bo ojú mi. Fún gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, mo ti rò pé ẹ̀ṣẹ̀ mi ni pé mo tò wọ́n sísàlẹ̀. Ó wá yé mi pé bébà wa ni ẹnì kan ti kà sí ìbò. A ti fi ẹnu ara wa sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí nígbà tí kò tíì bẹ̀rẹ̀.

"Kí ni kí a wá ṣe mà?"

"Ẹ kọ̀wé sí ilé ìgbìmọ̀. Kì í ṣe sí alága, kì í sì í ṣe sí èmi. Sọ ibi tí omi ti ń wá àti ibi tó ń lọ. Má jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kọ ọ́. Rìn ín."

Mo rìn ín. Ọyẹ́ nípọn lọ́jọ́ náà, gbogbo ilé dà bí èyí tí a fi pẹ́ńsùlù yà. Kò sí omi kankan nílẹ̀, ṣùgbọ́n níbi gbogbo tí mo bá ti béèrè pé, "Tí òjò bá rọ̀, ibo ni omi ń gbà?", ọwọ́ á jáde láti ẹnu ọ̀nà kan, á nà, á tọ́ ibì kan. Àpá omi wà lára ògiri, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ní orúnkún lókè lọ́dọ̀ tiwa, ní itan bí mo ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Mo ń fi ọwọ́ tọ́ ọ bí mo ṣe ń lọ. Ó ń ṣe mí bíi pé mò ń rìn nísàlẹ̀ odò tí ẹnikẹ́ni ò rí, pé àwọn tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ àti ẹrù ń lúwẹ̀ẹ́ ni. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀ Bàrígà, etí ọ̀sà, èéfín ẹja ti darapọ̀ mọ́ ọyẹ́, àwọn ọkọ̀ kéékèèké ń léfòó láìhan omi tó gbé wọn. Àpá ara ògiri ibẹ̀ ga dé àyà mi.

Ìyá kan ń yí ẹja padà lórí iná. Mo kí wọn, mo sọ ohun tí mo wá ṣe.

"Gọ́tà lókè yín?" Wọ́n fọwọ́ lé èéfín kúrò lójú. "Ẹ ṣeun o. Ẹ bá wa ra ọkọ̀ ojú omi mọ́ ọn. Ẹ̀yin ará òkè, ẹ ti ń rọra dà á lé wa lórí láti ọjọ́ yìí, ẹ wá fẹ́ kí ó máa sáré wá báyìí?"

"Kò séyìí tí wọ́n gbẹ́ níbí mà?"

"Gọ́tà tiwa? Òun nìyẹn." Yanrìn àti ọ̀rá ni mo rí.

Mo jókòó sórí pákó kan níbẹ̀. Ohun tí mo rí ṣe kedere, mo sì fẹ́ kí ó má ṣe kedere bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá gbẹ́ tiwa nìkan, ìyá yìí á rì. Bí wọ́n bá sì ní kí wọ́n ti ìsàlẹ̀ gbẹ́ ẹ bọ̀, ó lè má dé ọ̀dọ̀ wa kí òjò tó dé, bàbá mi á sì ta ẹ̀rọ. Kò sí ẹni tó máa mọ̀ bí mo bá kàn kọ ọ́ pé omi ń kọjá lọ sí ọ̀sà láìsí wàhálà. Mo ro ó. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo ro ó gidigidi, fún bíi wákàtí kan.

Mo kọ ohun tí mo rí. Mo kọ ọ́ pé láti ìsàlẹ̀ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá mi ka lẹ́tà náà lórí tábìlì tí wọ́n ti ń gé bébà. "Ìwọ lo kọ èyí?"

"Èmi ni, sà."

"Ìsàlẹ̀ ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé ìsàlẹ̀ ló bí ọ?"

Wọ́n dákẹ́, mo sì ti sọ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ wọn túmọ̀ sí. Wọ́n ṣe iṣẹ́ káàdì kan parí. Wọ́n fọ yíǹkì lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún fa lẹ́tà náà sọ́dọ̀, wọ́n mú bírò pupa tí wọ́n fi ń yẹ iṣẹ́ oníbàárà wò kí ó tó bọ́ sórí ẹ̀rọ. Ìgbà yẹn ni ọkàn mi tó balẹ̀ díẹ̀, torí bàbá mi kì í yẹ iṣẹ́ tí wọn ò ní tẹ̀ wò.

Wọ́n ní, "Àlàfo tí o fi sílẹ̀ ní etí bébà ti tóóró jù. Àgbà ló máa kà á. Fẹ̀ ẹ́." Wọ́n sì buwọ́ lù ú. Àlhájà buwọ́ lù ú lẹ́yìn wọn. Mo tún gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí ọ̀sà, ìyá ẹlẹ́ja náà tẹ̀ka.

Èmi àti Àlhájà la lọ jókòó sẹ́yìn yàrá ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kà á. Fáànù ń yí lókè jẹ́jẹ́, ohùn Lídà ń bọ̀ bí ohùn tó ń gba inú omi kọjá. Nígbà tí wọ́n kà á tán, káńsẹ́lọ̀ kan béèrè pé, "Kàlẹ́ńdà ò wá gbẹ́ ẹ mọ́ nìyẹn?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ó wù mí kí ilẹ̀ lanu. Àlhájà fi ìgúnpá gún mi, wọ́n ní, "Jókòó dáadáa. Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín ti gbọ́."

Káńsẹ́lọ̀ wa dìde. Wọ́n ní kí a mú owó tí alága kọ sílẹ̀ fún géètì tuntun níwájú káńsù, kí a fi gbẹ́ gọ́tà láti etí ọ̀sà bọ̀ lókè, títì sí títì, pẹ̀lú orúkọ títì kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó fara mọ́ ọn sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ohùn méjì péré ló sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Lídà lu tábìlì. Mo rò pé ó ti tán.

Kò tíì tán. Ìwé náà gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ alága, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Alága ò fọwọ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Ooru mú, ìkùukùu dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ lórí ọ̀sà ní ọ̀sán, á sì tún túká. Bàbá mi ti ránṣẹ́ sí ẹnì kan ní Ọbaníkòró tó ń ra ẹ̀rọ àlòkù. Mo sáré lọ sí Pedro.

"Ẹ ò lè ṣe é láìsí wọn ni mà? Mo kà á níwèé pé bí méjì nínú mẹ́ta yín bá…"

"A lè sọ ọ́ di òfin. Ta ni yóò wá gbé ṣọ́bìrì? Àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀, abẹ́ alága ni wọ́n wà. Bí a bá fò wọ́n dá, á di òfin tó dùbúlẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀." Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn. "Alága náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Wọ́n ti ṣèlérí fún yín níṣojú gbogbo ayé, ó wá dà bíi pé a gba ìlérí náà lẹ́nu wọn. Má yọ ara rẹ lẹ́nu. Èmi àti Lídà ń lọ bá wọn lọ́la."

Ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀, mi ò mọ gbogbo rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọ́n gbà pé ní etí ọ̀sà, alága ni yóò kọ́kọ́ fi ṣọ́bìrì kanlẹ̀, àwọn káńsẹ́lọ̀ á sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kì í ṣe lẹ́yìn. Ọjọ́ kejì ni wọ́n fọwọ́ sí i. Mo rò ó lọ rò ó bọ̀. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ pé òótọ́ inú lẹ́tà ló ṣe é. Lẹ́tà ló gbé e dé yàrá ìgbìmọ̀, ìbò ló gbé e dé orí tábìlì alága, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ díẹ̀ tí a fún ẹni tó ti sọ̀rọ̀ sílẹ̀ ló gbé bírò sí wọn lọ́wọ́.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Lójoojúmọ́ ni mò ń lọ wo ibi tí wọ́n dé. Wọ́n kọjá títì ẹlẹ́ja, wọ́n kọjá títì kejì. Ó ku títì mẹ́ta kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa nígbà tí ọkùnrin tó fẹ́ ra ẹ̀rọ dé láti Ọbaníkòró.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni. Ọkùnrin náà yí ẹ̀rọ po, ó lù ú ní kọ́kọ́kọ́, ó ní wọ́n tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Bàbá mi ń dáhùn ìbéèrè rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú ọ̀run ti dúdú, a ò sì rí i, títí òjò fi já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkùnrin náà ò lè lọ mọ́. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró sẹ́nu ọ̀nà, a ń wo títì bí ó ṣe ń di odò.

Omi dé àtẹ̀gùn òkè. Ó bò ó. Ó dé àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀, ó fi ahọ́n lá ẹnu ọ̀nà wa. Bàbá mi ti gbé bébà sórí búlọ́ọ̀kù láti àná, síbẹ̀ wọ́n na ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ di nǹkan mú. Mo ń ka èémí mi. Omi náà dúró síbẹ̀, ó ń mì, ó ń ronú. Ìwé ìpolówó kan léfòó kọjá, ó yí lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gba ọ̀nà ìsàlẹ̀ lọ kíá, bí ẹni tí wọ́n pè.

Bàbá mi ní, "Ó ń fà á." Wọ́n tẹ orí síta nínú òjò. "Gọ́tà ń fà á láti ìsàlẹ̀!"

Lọ́dún tó kọjá, irú òjò yẹn á ti dé orúnkún wa. Lọ́jọ́ yìí, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà tí mi ò lè sọ bó ṣe pẹ́ tó, lẹ́yìn náà àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ tún hàn, ó ń dán.

Ọkùnrin Ọbaníkòró nu ojú rẹ̀. "Bàbá, èló la wá máa sọ báyìí?"

Bàbá mi ò yíjú padà láti ibi tí wọ́n ti ń wo omi. "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Mo ní iṣẹ́ ọjọ́ Ẹtì." Wọ́n wọlé, wọ́n nu ọwọ́ wọn gbẹ, wọ́n sì sọ fún mi pé kí n bá àwọn di etí bébà kejì mú.